Battling Siki: ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà tó na ìràwọ̀ Faransé, tí rẹfirí ní òun kọ́ ló borí

Ní Agbalépédogan níbí, nílùú Lomé, bí eré ìdárayá bá ti parí lórí tẹlifíṣọ̀n, àríyànjiyàn kan náà ló máa ń tẹ̀lé e. Ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀, ìbáà jẹ́ bọ́ọ̀lù alájùsínú-apẹ̀rẹ̀ tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní básíkẹ́ẹ̀tì, ẹnìkan á ṣáà sọ pé rẹfirí ṣe ojúsàájú. Wọ́n á ní bí ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ bá fara kan ìràwọ̀ lásán, fèrè á dún, ṣùgbọ́n bí ìràwọ̀ bá fi ìgúnpá gún ọmọ ọlọ́mọ nígbàáyà, rẹfirí á máa wo ibòmíì.

Ẹjọ́ yìí ti pẹ́ ju bí ọ̀pọ̀ wa ṣe rò lọ. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún báyìí tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ọmọ adúláwọ̀ kan láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, ní gbangba, lójú ogunlọ́gọ̀ òǹwòran lẹ́bàá ìlú Paris. Ó lu ìràwọ̀ bolẹ̀, ìràwọ̀ kò lè dìde, síbẹ̀ rẹfirí ní ẹni tó wà nílẹ̀ yẹn ló borí. Battling Siki ni orúkọ tí ayé fi mọ ọmọ náà. Ìtàn ìgbé ayé rẹ̀ la gbé wá fún yín lónìí, nítorí ohun tí wọ́n fi ojú rẹ̀ rí nígbà náà kò tíì kúrò nílẹ̀.

Ọmọ Saint-Louis ni

Ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1897 ni wọ́n bí i ní Saint-Louis, lórílẹ̀-èdè Sẹ̀nẹ̀gà, ìlú tí àwọn ọmọ bíbí ibẹ̀ ń pè ní Ndar. Amadou Mbarick Fall ni orúkọ rẹ̀, àwọn Faransé ló ń pè é ní Louis Phal. Ibi tí odò Sẹ̀nẹ̀gà ti ń wọ inú òkun ni Saint-Louis wà. Ìlú òwò ni, ìlú ìjọba sì ni pẹ̀lú láyé àwọn òyìnbó.

Ohun kan wà tó mú ìlú náà yàtọ̀. Àwọn ará ìlú mẹ́rin ní Sẹ̀nẹ̀gà, ìyẹn Saint-Louis, Gorée, Rufisque àti Dakar, ní ẹ̀tọ́ tí àwọn ará Dahomey àti ilẹ̀ adúláwọ̀ yòókù tó wà lábẹ́ Faransé kò ní. Wọ́n ń dìbò, wọ́n sì ń rán aṣojú tiwọn lọ sílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Paris. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí aṣojú náà yóò wọ inú ọ̀rọ̀ yìí tó bá yá.

Ọmọdé ni Mbarick Fall nígbà tó dé ilẹ̀ Faransé. Ìhà gúúsù, lẹ́bàá òkun, ló ti kọ́kọ́ gbé, iṣẹ́ abọ́ fífọ̀ ló sì fi ń wá oúnjẹ òòjọ́. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í kan ẹ̀ṣẹ́ fún owó. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kìíní bẹ́ sílẹ̀ ní 1914, ó wọ iṣẹ́ ológun Faransé. Ó jà débi pé ìjọba fún un ní àmì ẹ̀yẹ ìgboyà méjì, Croix de Guerre àti Médaille militaire. Ẹni tí kò bá fi ẹ̀mí ara rẹ̀ wéwu lójú ogun kì í gba irú ẹ̀yẹ bẹ́ẹ̀.

Ogun parí, ó bọ́ aṣọ ológun, ó padà sídìí ẹ̀ṣẹ́. Láàárín 1919 sí 1922, ó jà káàkiri Faransé, Bẹ́ljíọ̀mù, Netherlands, Spéènì àti Jámánì, ó sì jà ní Algeria pẹ̀lú. Àwọn tí kò wúwo ju kílò 79 lọ ni ó wà nínú wọn, ìyẹn ìsọ̀rí tó tẹ̀lé ti àwọn òmìrán. Ìgbà tó ń borí pọ̀ ju ìgbà tó ń fìdí rẹmi lọ. Ṣùgbọ́n kò sí ilé-iṣẹ́ ìròyìn tó ń sáré tẹ̀ lé e. Wọ́n mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí òṣìṣẹ́ tó lè gba ẹ̀ṣẹ́ sára, tó sì lè fi ẹ̀ṣẹ́ fún ènìyàn, ó tán.

Ìràwọ̀ tí gbogbo Faransé ń gbé gẹ̀gẹ̀

Ìràwọ̀ Faransé nígbà náà ni Georges Carpentier. Ọdún 1894 ni wọ́n bí i ní Liévin, àgbègbè tí wọ́n ti ń wa èédú nílẹ̀ ní àríwá Faransé. Ọmọ tálákà lòun náà, ẹ̀ṣẹ́ ló gbé e ga. Awakọ̀ òfurufú ni nígbà ogun, àmì ẹ̀yẹ méjì tí wọ́n fún Siki yẹn náà ni wọ́n fún òun náà. Ní ọjọ́ 12, oṣù Kẹwàá, ọdún 1920, ó na Battling Levinsky ní Jersey City lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ó sì gba bẹ́líìtì àgbáyé nínú ìsọ̀rí rẹ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 2, oṣù Keje, ó bá Jack Dempsey jà fún bẹ́líìtì àwọn òmìrán. Dempsey fi ẹ̀ṣẹ́ dá a dùbúlẹ̀ ní ìpele kẹrin. Ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ náà ju mílíọ̀nù kan dọ́là lọ, irú rẹ̀ kò sì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìtàn ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí òwò yóò tètè lóye rẹ̀: Carpentier kì í ṣe abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò nìkan mọ́, ọjà ni. Arẹwà ọkùnrin ni, ó ń ṣe fíìmù, àwọn obìnrin ń wá wò ó, àwọn ìwé ìròyìn ń fi àwòrán rẹ̀ tajà. Ìyà tí Dempsey fi jẹ ẹ́ kò dín iyì rẹ̀ kù nílé.

François Descamps ni máníjà rẹ̀, ọkùnrin tó gbọ́n bí ìjàpá nídìí owó. Lẹ́yìn ti Dempsey, ohun tó kù ni kí ìràwọ̀ wọn jà nílé, níwájú àwọn ènìyàn rẹ̀, kó borí, kí owó sì wọlé. Wọ́n wá ẹni tí yóò bá a jà. Siki ni wọ́n mú.

Àdéhùn tó wáyé kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ parí ni Siki ṣẹ̀ṣẹ̀ la ọ̀rọ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní àwọn máníjà méjèèjì, Descamps àti Charles Hellers tó jẹ́ ti òun, ti jókòó pọ̀, wọ́n sì ti fi ẹnu kò lórí bí ìjà náà yóò ṣe parí. Òun yóò kọ́kọ́ ṣubú lẹ́ẹ̀mejì kí àwọn òǹwòran lè gbà pé ìjà gidi ni, tó bá wá di ìpele kẹrin, òun yóò ṣubú, òun kò sì ní dìde mọ́. Wọ́n á fún òun lówó, ìràwọ̀ á máa tàn lọ. Descamps ní irọ́ funfun báláú ni.

Ẹni tó bá mọ bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe rí láyé ìgbà yẹn yóò mọ̀ pé irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun àjèjì. Abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí kò lórúkọ mọ̀ pé bí òun bá kọ̀, máníjà kò ní wá ìjà mìíràn fún òun, ebi á sì dé. Bí ọ̀rọ̀ ọlọ́jà àti òṣùwọ̀n náà ló rí. Bí òṣùwọ̀n bá ti wọ́ kí ọjà tó ṣí, kò sí bí oníbàárà ṣe lè la ojú rẹ̀ tó, wọ́n á rẹ́ ẹ jẹ.

Ọjọ́ tí àdéhùn náà fọ́

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1922 ni ìjà náà wáyé ní pápá ìṣeré Buffalo, ní Montrouge lẹ́bàá Paris. Àwọn òǹwòran tó wá tó 40,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí tí ọ̀pọ̀ wọn fi sanwó ni láti rí Carpentier. Wọ́n gbé kámẹ́rà fíìmù wá síbẹ̀, wọ́n ya ìjà náà, fíìmù yẹn sì wà títí dòní.

Ní ìpele kìíní, Carpentier rọra fi ẹ̀ṣẹ́ bà á, Siki sì fi orúnkún kanlẹ̀ bí ẹni tí wọ́n yìn níbọn. Àwọn kan lára òǹwòran ti bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé ìjà kọ́ nìyí. Ìràwọ̀ ń rẹ́rìn-ín, ó ń ṣe fàájì. Ní ìpele kẹta, ó tún lu Siki bolẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ gidi sì ni lọ́tẹ̀ yìí.

Ibẹ̀ ni nǹkan ti yí padà. Siki dìde, kò sì dìde bí ẹni tó fẹ́ tún ṣubú. Ó ya bo Carpentier, ó ń gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́ lápá ọ̀tún àti lápá òsì, kí ìpele náà sì tó parí, ìràwọ̀ náà ti kan ilẹ̀. Ní ìpele kẹrin tó yẹ kí Siki sùn sílẹ̀, òun ló ń lé ìràwọ̀ káàkiri. Imú Carpentier ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú rẹ̀ wú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dúró nílẹ̀ mọ́.

Nígbà tí ó rí i pé ọwọ́ òun kò ká a mọ́, ìwà tí òfin ẹ̀ṣẹ́ kò gbà ló kù. Àwọn tó wà níbẹ̀ rí i tó ń fi orí kan Siki, tó ń dì í mú, tó ń wá bí yóò ṣe bọ́. Henri Bernstein tó jẹ́ rẹfirí kò fi ìyà kankan jẹ ẹ́. Bí ó bá jẹ́ Siki ló fi orí kan ìràwọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀.

Ìpele kẹfà kò pẹ́. Siki gbá a ní àgbárí àgbárí, Carpentier ṣubú yakata, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ́, kò sì lè dìde. Wọ́n ní láti gbé e ni. Ọ̀rọ̀ ti parí, tàbí kí n sọ pé ó yẹ kó ti parí. Àwọn ènìyàn Carpentier bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé Siki fi ẹsẹ̀ kọ́ ọ lẹ́sẹ̀ ni. Bernstein gbà fún wọn. Ó kéde pé Siki rú òfin, pé òun lé e kúrò nínú ìjà, nítorí náà Carpentier ló borí.

Ẹ wo bí nǹkan ṣe rí. Ẹni tó ń fi orí kan ènìyàn, rẹfirí kò rí i. Ẹsẹ̀ tó kọ́ra wọn nígbà tí ẹni tó rẹ̀ ń ṣubú, rẹfirí rí i. Kì í ṣe pé ìwé òfin kò dára. Òfin méjì ló wà lọ́wọ́ rẹfirí lọ́jọ́ náà, ọ̀kan fún ìràwọ̀, èkejì fún ọmọ Sẹ̀nẹ̀gà.

Àwọn òǹwòran ló kọ̀

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí ló wá ṣẹlẹ̀. Ìràwọ̀ tiwọn ni Carpentier, ọmọ ilẹ̀ wọn ni, àwọ̀ kan náà ni wọ́n. Síbẹ̀ àwọn òǹwòran kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ń pariwo orúkọ Siki, wọ́n ń súfèé, wọ́n kọ̀ láti lọ sílé. Ojú wọn ló rí i, wọ́n sì mọ̀ pé ẹni tó wà nílẹ̀ kò lè jẹ́ ẹni tó borí. Òmíràn nínú wọn lè má fẹ́ràn adúláwọ̀ rárá, ṣùgbọ́n owó tíkẹ́ẹ̀tì wọn kò rọrùn láti rí, wọn kò sì fẹ́ kí wọ́n pè wọ́n ní òmùgọ̀ lójú ara wọn.

Àwọn adájọ́ tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú ìjà kó ara wọn jọ, wọ́n fẹnu kò. Lẹ́yìn tí àwọn ènìyàn ti dúró títí, wọ́n kéde pé ẹjọ́ tí rẹfirí dá kò dúró, Siki ló borí. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ọjọ́ yẹn, ẹjọ́ tí ẹnìkan dá wó lulẹ̀, nítorí pé àwọn mìíràn wà níbẹ̀ tí wọ́n ní agbára láti yí i padà, tí ogunlọ́gọ̀ ènìyàn sì ń wò wọ́n lójú.

Báyìí ni ọmọ Saint-Louis tó ń fọ abọ́ ṣe di ọmọ adúláwọ̀ ilẹ̀ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba bẹ́líìtì àgbáyé nínú ẹ̀ṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni. Ẹ rántí pé oṣù Keje ọdún 1922 yẹn náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Orílẹ̀-Èdè ayé ìgbà náà fọwọ́ sí i pé kí Faransé máa ṣe àbójútó apá tó pọ̀ jù nínú ilẹ̀ Tógò, tó fi mọ́ Lomé wa yìí. Ìdí tí wọ́n sọ ni pé adúláwọ̀ kò tíì lè dá dúró. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, adúláwọ̀ dúró ní Montrouge, òyìnbó ló wà nílẹ̀.

Ohun tí wọn kò rí ṣe ní gbangba

Inú àwọn kan kò dùn sí i. Àwọn ìwé ìròyìn tí kò kọ nǹkan kan nípa Siki tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé pé ọmọ inú igbó ni, wọ́n ń fi wé ọ̀bọ. Bẹ́ẹ̀ ọmọ ìlú ńlá ni, ó gbọ́ èdè mélòó kan, ó sì ti pẹ́ ní ilẹ̀ Faransé ju ìgbà tó lò ní Sẹ̀nẹ̀gà lọ.

A ò ní purọ́ fún yín pé ẹni mímọ́ ni Siki. Ó fẹ́ràn ọtí, ó fẹ́ràn aṣọ ńlá, ó ń ná owó bí ẹni tí ń da omi. Ó ń mú ọmọ kìnnìún rìn ní ìgboro Paris, gbogbo ènìyàn á sì dúró wò ó. Bí ìràwọ̀ bá ṣe irú rẹ̀, wọ́n á ní ayé ń yẹ ẹ́ ni. Siki ló ṣe é, wọ́n ní ìwà ẹranko ni.

Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1922 yẹn, Siki lọ gbè lẹ́yìn abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò kan nínú ìjà mìíràn. Gbọ́nmi-si-i-omi-ò-to-o ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, wọ́n ní ó gbá máníjà ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ ẹ̀ṣẹ́ Faransé kò fi falẹ̀ rárá. Wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé fún oṣù mẹ́sàn-án, wọ́n sì gba oyè Faransé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì náà ní kò gbọdọ̀ wá bá Joe Beckett jà ní London gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣètò rẹ̀, nítorí wọn kò fẹ́ kí adúláwọ̀ àti òyìnbó kọjú ìjà síra wọn ní gbangba.

Ìgbà náà ni Siki tú àṣírí àdéhùn tó wáyé kó tó bá Carpentier jà. Blaise Diagne, ọmọ Gorée, tó jẹ́ aṣojú Sẹ̀nẹ̀gà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin Faransé láti 1914, gbé ọ̀rọ̀ náà dé iwájú àwọn aṣòfin ní ìparí ọdún 1922. Ó béèrè ìdí tí wọ́n fi ń fìyà jẹ ọmọkùnrin tó fi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ gbèjà Faransé lójú ogun. Ọmọ Vietnam kan tó ń gbé ní Paris, Nguyễn Ái Quốc, náà kọ̀wé lórí Siki nínú ìwé ìròyìn Le Paria. Òun ni ayé wá mọ̀ sí Hồ Chí Minh lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ọ̀rọ̀ náà ti kúrò ní ti ẹ̀ṣẹ́ nìkan.

Wọ́n ṣe ìwádìí, ṣùgbọ́n kò sí ìyà tó jẹ Carpentier. Ẹni tó tì ènìyàn lẹ́yìn ojú ìjà gba oṣù mẹ́sàn-án. Ẹ̀sùn pé wọ́n ta ìjà bẹ́líìtì àgbáyé lójú 40,000 ènìyàn kò gba ẹnikẹ́ni lóorun.

Kókó ọ̀rọ̀ nìyí, ẹ̀yin ènìyàn wa. Ní Montrouge, wọn kò lè rẹ́ Siki jẹ nítorí ojú pọ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí òǹwòran ti lọ sílé, tí ọ̀rọ̀ di ti inú yàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn rẹ̀, kò sí ẹni tó máa súfèé mọ́.

Dublin, ọjọ́ ayẹyẹ Patrick Mímọ́

Siki ní láti jẹun. Ibi tí ẹgbẹ́ Faransé kò lè dí i lọ́wọ́, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́, ni Ireland, nítorí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ni. Ó gbà láti bá Mike McTigue jà níbẹ̀, ọmọ County Clare ní Ireland. Ìlú Dublin ni, ọjọ́ 17, oṣù Kẹta, ọdún 1923, ọjọ́ tí gbogbo Ireland ń ṣe ayẹyẹ Patrick Mímọ́ tó jẹ́ alábòójútó orílẹ̀-èdè wọn. Ogun abẹ́lé ń lọ lọ́wọ́, sójà yí ibi ìjà náà ká, bọ́ǹbù sì bú nítòsí kí ìjà tó bẹ̀rẹ̀.

Ìpele ogún ni wọ́n jà. Kò sí ẹni tó dùbúlẹ̀. Ìjà náà sún mọ́ra, rẹfirí sì gbé ìborí fún McTigue lórí máàkì. Kò sí ẹni tó lè fi ọwọ́ sọ̀yà pé wọ́n rẹ́ Siki jẹ lọ́jọ́ yẹn, nítorí McTigue náà mọ ìjà jà. Ṣùgbọ́n ẹ wo ipò tí wọ́n ti í sí. Bí wọ́n bá jẹ́ kó jà ní Paris tàbí London, kò ní gbé bẹ́líìtì rẹ̀ lọ bá ọmọ Ireland, ní Ireland, lọ́jọ́ ayẹyẹ Ireland. Oṣù mẹ́fà péré ni bẹ́líìtì náà fi wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Amẹ́ríkà ló gba ẹ̀mí rẹ̀

Ní 1923, Siki kọjá sí Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 20, oṣù Kọkànlá, ó bá Kid Norfolk jà ní Madison Square Garden nílùú New York, Norfolk sì borí rẹ̀ lórí máàkì. Láti ibẹ̀, ìjà ń di ìjà, owó ń wọlé, ó ń jáde, ara sì ń gbó. Ní oṣù Kẹta ọdún 1925, Paul Berlenbach dá a dùbúlẹ̀ ní ìpele kẹwàá.

Amẹ́ríkà ìgbà náà kì í ṣe ibi tí adúláwọ̀ ti lè retí òfin kan ṣoṣo. Harry Wills, adúláwọ̀ tó tó gbangba á sùn lọ́yẹ́, lo ọ̀pọ̀ ọdún láti máa wá ìjà bẹ́líìtì pẹ̀lú Dempsey, kò rí i jà títí tó fi dàgbà. Láti 1915 tí Jack Johnson ti pàdánù bẹ́líìtì àwọn òmìrán, kò sí adúláwọ̀ kan tí wọ́n jẹ́ kó bá ẹnikẹ́ni dù ú mọ́, àfìgbà tó di 1937 tí Joe Louis gbà á. Ọdún méjìlélógún nìyẹn. Ojúsàájú tó le jù ni kí wọ́n má tilẹ̀ jẹ́ kí ènìyàn wọ ojú ìjà.

Ní ìdájí ọjọ́ 15, oṣù Kejìlá, ọdún 1925, wọ́n bá òkú Battling Siki lójú títì ní West 41st Street, ní àdúgbò Hell's Kitchen, kò jìnnà sílé rẹ̀. Wọ́n ti yìnbọn lù ú lẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì. Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gbọ̀n ni. Kò sí ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi ikú rẹ̀ títí di òní. Harlem ni wọ́n ti ṣètò ìsìnkú rẹ̀, itẹ́ òkú Flushing ní Queens sì ni wọ́n tẹ́ ẹ sí.

Carpentier ní tirẹ̀ pẹ́ láyé. Ọdún 1975 ló kú ní Paris, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, gbogbo Faransé sì ń bọ̀wọ̀ fún un. A ò bá a jà nítorí pé ó pẹ́ láyé. A kàn ń sọ bí òṣùwọ̀n ṣe rí ni.

Ohun tó yẹ ká bi ara wa

Àwọn tó ń wo básíkẹ́ẹ̀tì Amẹ́ríkà mọ̀ pé ìbéèrè Montrouge ṣì wà nílẹ̀. Ní 2007, àṣírí tú pé rẹfirí kan nínú NBA, Tim Donaghy, ń ta tẹ́tẹ́ lórí eré tí òun fúnra rẹ̀ ń darí. Ó jẹ́wọ́ nílé ẹjọ́, ní 2008 wọ́n sì ju ú sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Láti 2015, NBA ń tẹ ìwé jáde lẹ́yìn àwọn eré tó bá sún mọ́ra, wọ́n á fi hàn bóyá fèrè tí rẹfirí fọn ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn tọ́ tàbí kò tọ́, ìbáà jẹ́ ìràwọ̀ lọ̀rọ̀ kàn. Ìwé náà kì í yí èsì eré padà. Síbẹ̀ ó ń mú kí rẹfirí mọ̀ pé ojú ń wo òun. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwòrán VAR tí wọ́n mú wọ Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní 2018 nínú bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀.

Gbogbo ìwọ̀nyí dára, ṣùgbọ́n ibi tí ojú ti pọ̀ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń ṣọ́. Ìtàn Siki ń sọ fún wa pé ibi tó yẹ ká tún ṣọ́ ni yàrá tí wọ́n ti ń pín ìjà, tí wọ́n ti ń yan rẹfirí, tí wọ́n ti ń pinnu ẹni tí wọ́n máa lé fún oṣù mẹ́sàn-án àti ẹni tí wọ́n máa dárí jì. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín wà nínú ẹgbẹ́ eré ìdárayá, ẹ má wulẹ̀ lọ sí pápá lọ pariwo lé rẹfirí lórí. Ẹ béèrè ẹni tó yàn án. Ẹ béèrè ohun tó wà nínú ìwé tí máníjà fẹ́ kí ọmọ yín fọwọ́ sí. Bí ẹgbẹ́ bá fìyà jẹ ọmọ kan, ẹ béèrè bóyá irú ìyà yẹn náà ló jẹ ọmọ ọ̀gá nígbà tó ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní 1993, wọ́n wú egungun Battling Siki nílẹ̀ ní New York, wọ́n gbé e padà sí Sẹ̀nẹ̀gà, wọ́n sì sin ín sí Saint-Louis níbi tí wọ́n ti bí i. Nínú ìwé àkọsílẹ̀ ẹ̀ṣẹ́ àgbáyé, níwájú ọjọ́ 24, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1922, orúkọ rẹ̀ ló wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tó borí. Àwọn tó sanwó wọlé lọ́jọ́ náà ni kò jẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ ẹlòmíràn síbẹ̀.